Ẹ Bi Dókítà Eyín: Ìyẹ̀fun Ìyàwó, Omi Pọ́ǹpù Ṣábẹ àti Orín Bàbá Kétu

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Látìgbà tá a ti kéde pé ọ̀rọ̀ eyín la fẹ́ gbé yẹ̀ wò lóṣù yìí ni ìbéèrè ti ń rọ́ wọlé, àwọn kan kọ lẹ́tà, àwọn míì kàn sọ ọ́ sórí WhatsApp tí ariwo zém (ọ̀kadà) sì ń bo ohùn wọn mọ́lẹ̀, ẹ má bínú tí mi ò bá gbọ́ tiyín dáadáa. Bí eyín ṣe máa funfun lèyí tó pọ̀ jù nínú yín ń béèrè, ẹni tó béèrè bí eyín ò ṣe ní jẹrà ò tó nǹkan. Kò burú, àtibẹ̀ náà la máa gbà wọlé.

*Àǹtí dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìgbéyàwó mi ò ju oṣù kan ààbọ̀ mọ́, eyín mi sì pupa rúsúrúsú, tí mo bá fẹ́ ya fótò ṣe ni mo máa ń panu mọ́. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n lọ èédú, kí n pò ó mọ́ omi ọsàn wẹ́wẹ́, kí n máa fi fọ̀ ọ́ láràárọ̀. Ìyá kan lọ́jà Wàńdó ń ta ìyẹ̀fun kan, ó ní ọjọ́ mẹ́ta ló máa gbà. Mo tún rí ọṣẹ ìfọyín elésè àlùkò lórí TikTok. Èwo ni kí n rà? — Ìyàwó ojú ọ̀nà, Àjàṣẹ́*

Ìyàwó wa, a bá ẹ yọ̀ o, Ọlọ́run á jẹ́ kó jẹ́ ti ayọ̀. Má tíì ra nǹkan kan. Ohun tó sọ eyín ẹ di pupa la fẹ́ kọ́kọ́ mọ̀, torí àwọ̀ kan wà tó jẹ́ pé òde eyín ló lẹ̀ mọ́, bíi ti obì, kọfí, tíì àti sìgá, òmíràn sì wà tó jẹ́ pé inú eyín gan-an ló ti wá. Tí wọ́n bá fún ọmọ ní tetracycline kó tó pé ọdún mẹ́jọ, ìyẹn oògùn kápúsù tí wọ́n ń tú ta lọ́jà tí wọ́n sì ń lò fún gbogbo àìsàn, ó lè wọ inú eyín tó ń ṣe ara ẹ̀ lọ́wọ́ kó di àwọ̀ eérú tàbí búráùn títí ayé. Àgbà náà ń sọ eyín di pupa. Àwọn míì ò sì ní nǹkan kan tó ṣe wọ́n, bí eyín tiwọn ṣe rí nìyẹn, eyín èèyàn ò funfun bíi bébà látọ̀runwá, fótò orí fóònù ló ń tàn yín jẹ.

Tó bá jẹ́ ti òde ni, détartrage nìkan lè parí ẹ̀, ìyẹn ni kí dókítà eyín fi ẹ̀rọ ṣí gbogbo ìdọ̀tí tó ti gan paraku mọ́ eyín kúrò. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó wá sọ́dọ̀ wa pé àwọn fẹ́ eyín funfun, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ tiwọn ti parí, wọ́n á wo dígí wọ́n á rẹ́rìn-ín wọ́n á lọ.

Ti èédú àti ọsàn wẹ́wẹ́ yẹn ló dùn mí jù, torí àwọn ọmọbìnrin tó ń ṣe é ti pọ̀ jù. Ásíìdì inú ọsàn wẹ́wẹ́ máa ń rọ awọ òde eyín, èédú á wá há a kúrò, bí ìgbà téèyàn ń fi yanrìn fọ abọ́ tánńganran. Lọ́jọ́ kìíní sí ìkejì ó máa jọ pé ó ń ṣiṣẹ́, torí pé ó ń ha àbàwọ́n kúrò lóòótọ́, àmọ́ awọ òde yẹn ń bá a lọ, awọ yẹn ló sì le jù nínú gbogbo ara èèyàn, ó le ju egungun lọ, ṣùgbọ́n tó bá ti lọ kì í hù padà. Ohun tó sì wà lábẹ́ ẹ̀, pupa ni. Ṣó o ti wá rí i? Ẹni tó ń wá funfun ló ń fọwọ́ ara ẹ̀ ṣí pupa síta, omi tútù á tún wá máa ta á léyín.

Ọṣẹ elésè àlùkò yẹn ò burú tó bẹ́ẹ̀, aró inú ẹ̀ ló ń bo pupa mọ́lẹ̀ fúngbà díẹ̀, o lè lò ó láàárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó tó bá wù ẹ́, àmọ́ eyín ò tíì yí àwọ̀ padà o. Ìyẹ̀fun Wàńdó ńkọ́? Tí wọn ò bá kọ ohun tó wà nínú ẹ̀ sára páálí, má fi sẹ́nu. Àwọn kan tiẹ̀ ń fi eau de Javel pa eyín, ẹ dákun ẹ jọ̀ọ́, ilẹ̀ balùwẹ̀ ni wọ́n ṣe ìyẹn fún.

Ohun tó ń sọ inú eyín di funfun lóòótọ́ ni peroxide, yálà hydrogen peroxide tàbí carbamide peroxide. Ó máa ń wọnú eyín lọ, á sì tú ohun tó ní àwọ̀ níbẹ̀ ká. Ní 1989 làwọn dókítà gbé e jáde pé kéèyàn fi carbamide peroxide 10% sínú ike tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ṣe bá ẹnu ẹ̀ mu kó sì fi sùn, ọ̀nà yẹn la ṣì ń gbà títí dòní, ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin ló sábà máa ń gbà. Nílẹ̀ Yúróòpù látọdún 2012, èyí tí hydrogen peroxide inú ẹ̀ bá ju 0.1% lọ títí dé 6%, ọwọ́ dókítà eyín ló gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ẹni tí ò tíì pé ọdún 18 ò sì gbọdọ̀ lò ó. Ìdí wà ńbẹ̀. Tí ihò bá wà nínú eyín ẹ tí peroxide wá wọ ibẹ̀, wàá pariwo. Tó bá kan erìgì, á bó o. Eyín àtọwọ́dá àti ohun tí wọ́n fi dí ihò kì í sì í yí àwọ̀ padà rárá, wàá kàn ní eyín aláwọ̀ méjì lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Tó bá sì jẹ́ pé oyún ti wà ńbẹ̀ (mi ò béèrè o), jẹ́ kó di ẹ̀yìn ìbímọ.

Lọ ṣe détartrage lọ́sẹ̀ yìí, kí wọ́n dí ihò tó bá wà, tí ò bá sì tíì tẹ́ ẹ lọ́rùn kí wọ́n ṣe ike yẹn fún ẹ, oṣù kan ààbọ̀ tó o. Tí eyín bá ń ta ẹ́, fo ọjọ́ kan tàbí méjì kó o tó lò ó padà. Iná búlúù tí wọ́n ń tàn sẹ́nu èèyàn nínú fídíò yẹn, owó ló ń jẹ, kò fi bẹ́ẹ̀ kún nǹkan kan.

*Dókítà, mo ṣubú lórí máṣíìnì lọ́dún tó kọjá, láti ìgbà náà ni eyín iwájú mi kan ti ń dúdú díẹ̀díẹ̀. Kò dùn mí. Ọṣẹ wo ló máa fọ̀ ọ́? — Oní-zém, Àjàṣẹ́*

Kò sọ́ṣẹ kankan, ẹ̀gbọ́n, inú ló ti dúdú wá. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé iṣan inú eyín yẹn ti kú nígbà tẹ́ ẹ ṣubú. Pé kò dùn yín ò sọ pé kò sí nǹkan, ó lè máa ṣọyún nísàlẹ̀ gbòǹgbò wẹ́rẹ́ láìjẹ́ pé ẹ mọ̀. Wọ́n máa ya radio ẹ̀, ìyẹn fótò tó ń fi inú eyín hàn, wọ́n á fọ inú gbòǹgbò mọ́, lẹ́yìn náà wọ́n lè wá fi oògùn tó ń sọ ọ́ di funfun sínú eyín yẹn nìkan. Ẹ lọ kó tó wú.

*Ẹ jọ̀ọ́ dókítà, ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn. Pọ́bẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ ni mo dàgbà sí, ọkọ ló gbé mi wá sí abúlé kan nítòsí Ṣábẹ. Eyín tèmi funfun, àmọ́ àwọn ọmọ mi, bí eyín àgbà wọn ṣe ń yọ ló ń ní àbàwọ́n, tàwọn ìbejì ní ilà funfun bí ẹfun, tàwọn ẹ̀gbọ́n wọn ti di àwọ̀ kọfí. Ìyá ọkọ mi ní mi ò kì í fọ eyín fún wọn, wọ́n ní ìran tàwọn kì í ní irú eyín bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé àwọn ọmọ aládùúgbò náà ní in. Mo ti fi ọṣẹ tó ń fọ eyín funfun fọ̀ ọ́ títí, kò lọ. Àbí omi pọ́ǹpù tá à ń mu ni? — Ìyá Ìbejì, Ṣábẹ*

Ìyá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ìfaradà. Mi ò rí ẹnu àwọn ọmọ náà, àmọ́ gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ yìí ló bá ti omi mu. Fluorose ni wọ́n ń pè é. Fluor tó pọ̀ jù ló ń fà á (èròjà kan tó máa ń wà nínú òkúta àti omi ni, òun náà ni wọ́n ń kọ ní fluoride sára ọṣẹ ìfọyín), kì í ṣe ìdọ̀tí, ìdí nìyẹn tọ́ṣẹ ò fi rí i fọ̀, torí kì í ṣe pé nǹkan kan lẹ̀ mọ́ eyín, bí eyín ọ̀hún ṣe ti inú wá ni.

Àwọn òkè ńlá Ṣábẹ tí gbogbo ẹni tó bá ń lọ sí Parakou máa ń tẹjú mọ́ yẹn, òkúta granite ni, irú ẹ̀ náà ló sì wà lábẹ́ ilẹ̀ káàkiri ẹkùn Collines. Òkúta bẹ́ẹ̀ máa ń ní fluor nínú, omi tó bá ti pẹ́ lábẹ́ ẹ̀ á máa fà á díẹ̀díẹ̀. Àwọn tó yẹ omi abẹ́ ilẹ̀ wò ní Collines ti rí àwọn kànga tí fluor inú wọn ju ìwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi lélẹ̀ lọ, ìyẹn 1.5 miligíráàmù nínú lítà omi kan. Kì í ṣe gbogbo pọ́ǹpù o! Méjì lè wà lábúlé kan náà kí ọ̀kan dáa kí èkejì má dáa, ẹ ò sì lè fẹnu mọ̀ ọ́n, kò lóòórùn, kò láwọ̀, omi náà á mọ́ gaara á tún tutù.

Ẹ lè wá béèrè pé kí ló dé tí tiyín funfun nígbà tó jẹ́ omi kan náà lẹ jọ ń mu. Inú egungun àgbọ̀n ni eyín àgbà ti ń ṣe ara ẹ̀ kó tó yọ, látìgbà tí wọ́n ti bí ọmọ títí tó fi máa ń tó ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ìgbà yẹn nìkan ni fluor tó pọ̀ jù lè ba awọ òde eyín jẹ́, kò ní jẹ́ kó gan dáadáa, á wá máa ní ihò tíntìntín tójú ò lè rí. Pọ́bẹ̀ lẹ ti ń mu omi nígbà tí tiyín ń ṣe lọ́wọ́, nígbà tẹ́ ẹ fi dé Ṣábẹ ó ti le tán, omi yẹn ò lè pa á lára mọ́. Tàwọn ọmọ ni Ṣábẹ ló ká wọn mọ́ inú ẹ̀. Ìdí tí tàwọn ẹ̀gbọ́n fi di àwọ̀ kọfí ni pé eyín bẹ́ẹ̀ máa ń yọ ní funfun bí ẹfun, lẹ́yìn náà ni oúnjẹ àti tíì á wá máa ríbi wọ̀.

Kì í sì í ṣe Ṣábẹ nìkan. Lọ́dún 1901, dókítà eyín kan tó ń jẹ́ Frederick McKay lọ ṣiṣẹ́ ní Colorado Springs ní Amẹ́ríkà, ó bá àwọn ọmọ ìlú náà pẹ̀lú eyín búráùn, àwọn kan ní ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n ń jẹ ló fà á, àwọn míì ní mílíìkì ni (ẹ ò rí i pé kò síbi tí wọn kì í ti í dá ìyá ọmọ lẹ́bi). Ó di 1931 kí wọ́n tó mọ̀ dájú pé fluor inú omi ni. Ohun tó ti ń ya McKay lẹ́nu látẹ̀yìn wá ni pé eyín búráùn yẹn kì í tètè jẹrà. Bí wọ́n ṣe mọ̀ pé díẹ̀ nínú ẹ̀ ń ṣọ́ eyín nìyẹn, tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í bu ìwọ̀nba sínú omi ẹ̀rọ ìlú Grand Rapids ní January 1945. Ohun kan náà ni, ìwọ̀n ló yàtọ̀.

Ohun tẹ́ ẹ máa ṣe rèé. Ẹ má sè é o, fluor kì í bá ooru lọ, omi ló ń gbẹ tí fluor á ṣẹ́ kù, ṣe ló máa pọ̀ sí i. Javel ò lè yọ ọ́, aṣọ tẹ́ ẹ fi ń sẹ́ omi ò lè yọ ọ́. Kí ẹ̀yin ìyá abúlé kóra yín jọ lọ sí mairie, ìyẹn ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, kí wọ́n bá yín wá àwọn tó ń yẹ omi wò, kí wọ́n yẹ pọ́ǹpù kọ̀ọ̀kan wò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹyọ kan kí wọ́n ní gbogbo ẹ̀ ni wọ́n yẹ. Kó tó dìgbà náà, omi òjò lẹ máa gbè, fluor inú ẹ̀ ò tó nǹkan, ẹ jẹ́ kí òjò kọ́kọ́ fọ òrùlé ná kẹ́ ẹ tó gbé garawa síta, kẹ́ ẹ sì dé e. Tí kò bá kárí, àwọn tí ò tíì pé ọdún mẹ́jọ ni kẹ́ ẹ yà á sọ́tọ̀ fún, omi mímu àti omi tẹ́ ẹ fi ń po ẹ̀kọ wọn. Ẹ máa fi ti pọ́ǹpù wẹ̀, ẹ máa fi fọṣọ. Ẹni tó bá ń tọ́ ọmọ ọwọ́, ẹ jẹ́ kó mu ọmú dáadáa, fluor kì í fi bẹ́ẹ̀ gba inú ọmú kọjá, mílíìkì alágolo tí wọ́n fi omi pọ́ǹpù pò lewu jù ú lọ.

Ti eyín tó ti búráùn, ó látùn-únṣe. Dókítà lè fi oògùn ha òkè ẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tàbí kó fi resin, ohun tó dà bí ike, bo ojú ẹ̀, tó bá jẹ́ ti ilà funfun díẹ̀ ni ó lè má nílò nǹkan kan. Kò pọn dandan lónìí. Ẹ má sì torí ọ̀rọ̀ yìí gba ọṣẹ olófluor lọ́wọ́ wọn, eyín tí fluorose bá bà jẹ́ gan-an náà lè lu ihò. Ìwọ̀n ẹ̀ ni kẹ́ ẹ ṣọ́: ọmọ tí ò tíì pé mẹ́ta, bíi hóró ìrẹsì kan, láti mẹ́ta sí mẹ́fà, kó má ju hóró ẹ̀wà kékeré lọ, kí àgbàlagbà dúró tì í kó lè tutọ́ dànù. Àwọn ọmọ fẹ́ràn láti máa gbé e mì torí pé ó dùn, mi ò mọ ẹni tó ní kí wọ́n máa fi adùn sọ́ṣẹ.

Ẹ ní kí ìyá ọkọ yín lọ wo ẹnu àwọn ọmọ aládùúgbò, kí wọ́n wá bi àwọn tí wọ́n gbé ibòmíì dàgbà kí wọ́n tó kó wá. Wọ́n á gbà.

*Ẹnì kan fi ohùn sínú group ìjọ wa pé májèlé ni fluor, pé ó ń sọ ọmọ di olódo, pé àwọn ará Amẹ́ríkà gan-an ti ń yọ ọ́ kúrò nínú omi wọn. Mo ti da gbogbo ọṣẹ ilé nù. Ṣóòótọ́ ni? — Ìyá ọmọ mẹ́ta, Sakété*

Ẹ ti yára jù. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ẹ̀, ohun tó sì jẹ́ kó máa tàn kálẹ̀ nìyẹn. Ní 2024, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń yẹ ọ̀rọ̀ májèlé wò ṣe ìwádìí jáde pé omi tí fluor inú ẹ̀ bá ju 1.5 miligíráàmù ní lítà lọ, ó jọ pé ó bá kí ọpọlọ àwọn ọmọ má jí tó bó ṣe yẹ rìn. Wọn ò rí ohun tó tó láti fi sọ bẹ́ẹ̀ nípa 0.7 tí wọ́n ń bù sómi ẹ̀rọ tiwọn. Síbẹ̀ ní 2025 ìpínlẹ̀ Utah fòfin dè é. Ẹ wò ó dáadáa, omi ni gbogbo ìyẹn ń sọ, ohun téèyàn ń gbé mì látàárọ̀ dalẹ́, ìyá Ṣábẹ tó wà lókè yìí lọ̀rọ̀ náà kàn ju ẹ̀yin lọ. Ọṣẹ, a máa ń tu ú dànù. Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ọṣẹ ìfọyín olófluor sínú ìwé àwọn oògùn tó ṣe kókó jù ní 2021.

Tá a bá ti jẹ nǹkan dídùn, yálà bọ́ńbọ́ọ̀nù ni tàbí tíì tí ṣúgà kún inú ẹ̀ bámú, àwọn kòkòrò inú ẹnu á sọ ọ́ di ásíìdì láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ásíìdì yẹn á máa yọ́ ara eyín. Itọ́ ló ń tún un ṣe padà, tí fluor bá sì wà nínú itọ́ yẹn, ibi tó tún ṣe á le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ásíìdì tó ń yọ́ èyí àtijọ́ ní pH 5.5 (pH la fi ń wọn ásíìdì, bó bá ṣe ń kéré sí i ni ásíìdì ṣe ń le sí i), ó máa tó nǹkan bíi 4.5 kó tó lè yọ́ tuntun. Ìdí nìyẹn tá a fi ń sọ pé tẹ́ ẹ bá fọyín tán, ẹ tutọ́, ẹ má fomi ṣan ẹnu. Mo mọ̀ pé èyí le fún wa, àwa tá a fẹ́ràn ká máa bu omi yọ ẹnu títí ife á fi gbẹ.

Ọ̀kan ṣì kù: tí ọmọ kékeré bá jẹ odindi ọṣẹ, inú á run ún, á máa bì, ẹ fún un ní mílíìkì mu kẹ́ ẹ gbé e lọ sọ́sibítù. Ẹ gbé ọṣẹ sókè.

*Ọmọ mi, ẹ kú làálàá. Mo ti lé ní àádọ́rin ọdún, orín ata ni mo ń run látìgbà tí mo ti gbọ́njú. Ọmọ mi tó wà ní Kútọnu ní ayé àtijọ́ ni mo ṣì wà, ó ní búrọ́ọ̀ṣì àti ọṣẹ olófluor ni kí n máa lò. Eyín tó ti kúrò lẹ́nu mi ò pọ̀. Kí ló wà nínú fluor tí orín ò ní? Mo sì ń jẹ obì, mi ò ní fi sílẹ̀ o. — Bàbá àgbà, Kétu*

Bàbá, mo kúnlẹ̀ kí yín o. Ọmọ yín ò parọ́, ẹ̀yin náà ò sì jẹ̀bi. Àjọ Ìlera Àgbáyé fúnra wọn ti sọ láti 1986 pé orín dáa níbi tí wọ́n bá ti ń lò ó, oje orín ata tó ń ta ẹnu yẹn sì ń bá àwọn kòkòrò tó ń ba eyín jẹ́ jà. Ẹni tó run orín dáadáa, tó jẹ́ kí ẹnu ẹ̀ fẹ́ bíi búrọ́ọ̀ṣì, tó sì dé ẹ̀yìn eyín, eyín ẹ̀ á mọ́. Àmọ́ mímọ́ ni, fluor tó máa tún ara eyín ṣe ò sí nínú ẹ̀ tó. Ó sì ṣe pàtàkì fún irú yín, torí bí àgbà ṣe ń dé ni erìgì ń fà sókè, gbòǹgbò á wá síta, gbòǹgbò ò sì ní awọ líle yẹn lára, ó ń tètè jẹrà. Tó bá jẹ́ pé ẹ ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, òmíì nínú wọn máa ń gbẹ itọ́, ìyẹn náà ń kún un.

Torí náà ẹ máa run orín yín láàárọ̀, ẹ má kàn fi tipátipá rin ibi tí erìgì ti fà. Lálẹ́ kẹ́ ẹ tó sùn, ẹ fi ọṣẹ olófluor fọ̀ ọ́, ẹ tutọ́, ẹ lọ sùn. Obì á kun eyín yín ni, mi ò ní bá yín jà lórí ìyẹn, ẹ bu omi yọ ẹnu tẹ́ ẹ bá jẹ ẹ́ tán. Tó bá jẹ́ aṣáà lẹ ń fi sẹ́nu ni, à bá jà.

Kí ọmọ yín yìí mú búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ bọ̀ láti Kútọnu pẹ̀lú ọṣẹ kan, kó ka ẹ̀yìn páálí kó tó sanwó, 1000 sí 1500 ppm (ìwọ̀n fluor inú ẹ̀) ni kí wọ́n kọ síbẹ̀, èyí tó gba Ìgólò wọlé láti Nàìjíríà náà dáa tí wọ́n bá ti kọ fluoride àti iye yẹn sí i. Èyí tí wọ́n kọ sans fluor sí (pé kò ní fluor), tàbí tí wọ́n kàn ya ewé sí lára tí wọn ò kọ iye kankan, kó dá a padà sórí àtẹ.